Ìdọ̀bálẹ̀ Àwọn Ọlọ́tí

Háà, èèyàn gbọ́n láyé yìí o! Mo ti rí ọkọ̀ ńlá rí, àmọ́ èyí tó wọ pápá ẹ̀gbẹ́ ilé wa n'Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ ló ṣí bí ilẹ̀kùn, ló bá di pèpéle tòun ti iná aláràbarà. Mo kàn la ẹnu sílẹ̀ ni. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti sá lọ síbẹ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá àwọn tó gbé ọkọ̀ náà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wá kí bàbá wa nílé. Àfáà ni bàbá wa, ọtí ò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò kàn tẹríba o! Ó nà gbalaja sílẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú tó wọ̀, ó ní ohun mímu làwọn fẹ́ fi dá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lára yá, àwọn wá gba àdúà ni. Bàbá wa, tó máa ń bínú pé àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ ìkíni, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Mínírà ló rò pé wọ́n gbé wá. Ó ṣàdúà gígùn, gbogbo wa ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n ṣí àwọn páálí. Bíà ni! Ó tutù nini, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bá ìgò lọ́wọ́ àbúrò mi, tí kò fi ọtí kan ẹnu rí.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni? Gbé e sílẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ṣáà ti ṣàdúà sí i."

Mo sáré lọ pe bàbá.

Bàbá jáde tìbínú-tìbínú. Orin dákẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ ohùn bàbá mi tó bá ń ṣe wáàsí. Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Lójú gbogbo èrò, ó tún dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dojú dé eruku.

"Bàbá wa, àdúà yín gbà o!"

Ta ló fẹ́ bú ẹni tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀? Wọ́n mọ̀ wá ju bá a ṣe mọ ara wa lọ!

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi." Ohun tí bàbá mi sọ nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè, wọ́n gbé ìgò sókè. Àbúrò mi wojú bàbá, ó rí i pé kò wí nǹkan kan, ó bá gbé tirẹ̀ sẹ́nu.