Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Ka Ará Ilé Wọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ti ń rẹ ènìyàn dé eegun, kó wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní nílùú Tẹ̀dé fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú, kó dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ti lo ọdún mélòó kan níbẹ̀ báyìí, n kò sì tíì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ọmọ bíbí Ìsẹ́yìn ni mí. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Tẹ̀dé, mo ti pinnu pé n kò ní kọ́ ọmọ kankan bí wọ́n ṣe kọ́ èmi. Tíṣà tiwa a kọ nǹkan sára pátákó, àwa a máa ké e tẹ̀lé e bí odídẹrẹ́, ẹni tó bá sì ṣì í ké, ẹgba ni. Nínú kíláàsì tèmi, ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ kàwé kí ẹnu tó dá sí i. A bu amọ̀ létí odò, a fi mọ lẹ́tà, a tò wọ́n sójú fèrèsé kí wọ́n gbẹ. Ọmọ kan mọ A tirẹ̀, ó ní ewúrẹ́ ni. Mo ní A ni. Ó ní ewúrẹ́ ni. Nígbà tí mo gbé e sókè wò dáadáa, ewúrẹ́ ni lóòótọ́, ó tiẹ̀ ní irùngbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n kórè ọkà bàbà tán, a ṣa pòròpórò, a gé e lọ́gbọọgba, a fi ń wọn bẹ́ǹṣì, a fi wọn ilẹ̀kùn. Wọ́n wọn èmi náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí gèlè. Ẹnì kan ní kí n yí padà, ó ku kí àwọn wọn ìbàdí mi. Mo ní ìṣirò ti parí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀pà ni a kọ́kọ́ fi kọ́ òǹkà. Mo pín mẹ́wàá mẹ́wàá fún wọn, mo ní kí wọ́n ṣe ìròpọ̀, ṣùgbọ́n ìyọkúrò nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Kí n tó yíjú padà láti ibi pátákó, èèpo ló kù lórí bẹ́ǹṣì. Ni mo bá lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, nítorí n kò tíì rí ọmọ tó lè jẹ òkúta.

Òkúta yìí ló la ẹnu ọmọbìnrin kan. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, odindi sáà kìíní ló sì lò ní kíláàsì mi láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá kí i, yóò kúnlẹ̀, yóò tún dìde. Mo rọ̀ ọ́, mo tù ú, mo fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ òkúta, mo to mẹ́wàá sórí tábìlì mi, mo ní kí olúkúlùkù to irú rẹ̀. Gbogbo wọn ń tò. Ni mo gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan látẹ̀yìn.

"Tíṣà, tiyín ò pé. Ó ku kan."

Mo kà á, mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n sọ mí di ọ̀gá àgbà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń síwájú nígbà òǹkà, àlàfo eyín rẹ̀ a sì máa súfèé bó bá dé orí ẹẹ́fà.

Bí ọmọ bá wá ń tibi òkúta sọ̀rọ̀ báyìí, ṣé kò yẹ kí n fi òkúta ṣe ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ìgbéraga mi ló dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rá kékeré. Mo ní, "Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ ka gbogbo ará ilé yín. Àgbàlagbà, òkúta ńlá. Ọmọdé, òkúta kékeré. Ẹ kó o wá lọ́jọ́ Ajé, a ó fi ya àwòrán ilé yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀." Mo padà sílé, mo ń yin ara mi.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dé tàwọn ti ọ̀rá wọn. Ẹnì kan fi òkúta kan kún un fún ajá wọn. Ẹlòmíràn kó òfo wá, ó ní ará ilé àwọn kì í dúró lójú kan. A ti ń tò ó sílẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà ọmọbìnrin yẹn wọlé, wọ́n di ọmọ náà lọ́wọ́ mú.

"Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà wọn?"

"Èmi ni, màámi. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrìn o."

Wọn ò jẹ́ kíkí mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Wọ́n da òkúta inú ọ̀rá náà sórí tábìlì mi, ó fọ́n káàkiri.

"Ta ló ní kí ọmọ mi máa ka èèyàn? Ó ní kí gbogbo wa dúró sójú kan. Ó ń fọwọ́ kàn wá lórí, ó ń kà wá bí ẹni ń ka adìẹ tó fẹ́ kó lọ ọjà. Ó dé ọ̀dọ̀ ìkókó tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, ó fọwọ́ kan òun náà lórí, ó ní òun ni ìkẹjọ! Ìkókó ọ̀hún ò sùn mọ́jú. Ṣé níbi tí wọ́n ti bí ọ, wọ́n máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

Mo gbọ́ bí "ẹ̀yin" ṣe di "ìwọ" lẹ́nu wọn. Ojú tì mí, nítorí níbi tí wọ́n ti bí mi gan-an, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà ní Ìsẹ́yìn. Bí àlejò bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọn a ní, "Wọ́n pọ̀, Ọlọ́run ló ni wọ́n." Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé wa, àfi bí ẹni pé ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí ni mo gbàgbé rẹ̀.

"Ọmọ mi ò wá mọ́," ni ìyá náà wí. Wọ́n yí padà, wọ́n fa ọmọ náà lọ. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí mo fi odindi sáà kan wá ti padà sínú.

Ọ̀gá ilé ìwé wa, bàbá kan tí kò jẹ́ fi ìwé àti bírò rẹ̀ sílẹ̀, a máa yọjú lójú fèrèsé láràárọ̀ láti béèrè iye ọmọ tó wá. Àsìkò náà gan-an ló yọjú.

"Mélòó lónìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta tó fọ́n káàkiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà ò wá. Ní ọjọ́ Rú, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Ṣakí, kó máa lọ ilé ìwé níbẹ̀. Mo mọ ọmọ yẹn. Bó bá dé ibi tí kò ti mọ ẹnì kankan, yóò tún pa ẹnu dé, ta ni yóò sì ní sùúrù láti wá a rí? Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú tún ń bí mi pẹ̀lú. Mo ń rojọ́ fún ọ̀gá, mo ní ṣé láyé òde òní, nítorí òkúta mélòó kan.

"Ṣé o ti lọ bẹ̀ wọ́n?" ni wọ́n bi mí.

"Kí ni mo ṣe, sà?"

"N ò béèrè ohun tó o ṣe. Mo ní ṣé o ti lọ bẹ̀ wọ́n."

Bí a ṣe jáde ilé ìwé, ilé ìyá àgbà náà ni mo gbà lọ. Mo bá ìyá náà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ka èbù iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn. Wọn a mú mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì, wọn a jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí wọ́n bá ti ju ẹ̀ẹ̀mẹrin, ogún pé, ọmọ náà a sì fi òkúta kan sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, nítorí ẹni tó ń kà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, igba ni wọ́n sì fẹ́ kà. Ẹni tí kò bá tíì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yangí nígbà ọyẹ́ kò tíì bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà fi òkúta kẹwàá sílẹ̀, ó ní, "Ó pé."

Ẹnu mi tí kì í gbọ́ ìwásù ni kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mo ní, "Màámi, òkúta lẹ̀yin náà fi ń kà."

Wọ́n rán ọmọ náà pé kó lọ bu omi wá fún mi. Nígbà tó ti wọlé, wọ́n ní, "Iṣu ni mò ń kà. Iṣu kì í bi mí pé, èyí tó rà ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn tó kà wá tán, ó ní, 'Ìyá àgbà, ọmọ mélòó lẹ bí, kí n wá òkúta fún wọn?' Tíṣà, mélòó ni kí n pè? Bí mo bá ka àwọn tó wà láàyè nìkan, mo ti yọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá ka gbogbo wọn, á ní kí n fi wọ́n han òun."

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pamọ́. Mo ti ń ronú pé ìkókó ni wọ́n ń bẹ̀rù fún. N kò mọ̀ pé ìbéèrè tí mo rán ọmọ lọ bi wọ́n, kò sí ìdáhùn rẹ̀ tí kò ní dùn wọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n, ó sì ti inú mi wá.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀ yẹn le." Ọmọ gbé omi dé. Wọ́n bi mí ohun tí a ń ṣe ní kíláàsì gan-an, mo sì sọ ọ́, ti amọ̀, ti pòròpórò. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀pà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ wọ́n ní, "Màá wá wò ó lọ́la. Bó bá jẹ́ ohun tójú mi gbà, ọmọ á dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Ṣakí ò jìnnà."

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì dé, apẹ̀rẹ̀ èbù lórí ìyá, igbá lọ́wọ́ ọmọ. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá ti gbé igbá náà sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí olúkúlùkù ju òkúta kan síbẹ̀ kó tó wọlé. Bó bá ń lọ ilé, kó mú òkúta kan. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ẹ wá ẹni tó ni ín. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tá a bá kó ọmọ lọ oko ọ̀nà jíjìn, ká má bàa gbàgbé ẹnikẹ́ni sínú igbó. Ẹnu ò sì ka ẹnì kankan."

Àwọn ọmọ ń jù ú, ó ń ró kó, kó, kó. Ìyá wá to ogún èbù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ wọ̀yí jà lórí ẹẹ́rìndínlógún, n kò ṣẹ́gun. Ìyá ní kí ọmọ mẹ́rin jáde, kí kálukú gbé èbù kan sá lọ sígun yàrá. Wọ́n sá lọ, ariwo sọ. "Ogún ti rí bẹ́ẹ̀ mọ́?" "Rárá!" "Mélòó ló sá lọ?" "Mẹ́rin!" "Mẹ́rin dín nínú ogún. Òun nìyẹn." Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣòro tó kù ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ẹni tí kò sá lọ. Ọmọbìnrin wa ló ń yan àwọn tó máa gbé e, ohùn rẹ̀ sì ti bo tèmi mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé. "Mélòó lónìí?"

Ìyá gbójú sókè, wọ́n ń wò mí. Ọmọ náà ń wò mí. Réjísítà wà lórí tábìlì, mo mọ iye wọn dáadáa.

"Wọ́n pé, sà."

"Pé sí mélòó?"

"Ó ní wọ́n pé," ni ìyá dá wọn lóhùn.

Ọ̀gá wo ìyá, wọ́n wo igbá, wọ́n wo àwọn ọmọ tó gbé èbù lérí. Wọ́n fi bírò ha orí. "Wọ́n pé," ni wọ́n wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Kó tó di pé ilé ìwé jáde, ìyá ti gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n ní oko ń dúró de àwọn. Wọn ò sọ pé ọmọ á dúró, wọn ò sì sọ pé ó ń lọ. N kò láyà láti béèrè. Agogo dún, àwọn ọmọ tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mú òkúta wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin yẹn ló kẹ́yìn, ó mú tirẹ̀.

Òkúta kan ṣẹ́kù nínú igbá.

Mo mú un dání, mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, mo sáré dé ilé ìgbẹ́, mo ń pe orúkọ gbogbo wọn. Nígbà tí mo padà dé, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ náà fa aṣọ mi.

"Tíṣà, kò sẹ́ni tó sọnù. Ti ìyá àgbà ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn tún ń bá mi bọ̀ lọ́la."

Mo dá òkúta náà padà sínú igbá.