Ọwọ́ Ìyá Tí Mo Fi Túmọ̀ Sinimá

Ẹnu mi ló kó bá ìyá àgbà mi. Mo ti gbìyànjú títí láti di ẹ̀bi náà lé àwọn ará ilé lórí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun ló tọ́ mi ní Òmù-Àrán, aṣọ tó ń hun ló sì fi rán mi níwèé títí mo fi di olùkọ́. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó di ọrùn ọwọ́, ó di ìgbọ̀nwọ́. Kò lè hun aṣọ mọ́, kò lè bu omi sára. Àwọn ìyàwó ilé pín ọjọ́ láàárín ara wọn: eléyìí á wẹ̀ ẹ́ lónìí, ìyẹn á wẹ̀ ẹ́ lọ́la, wọ́n á sì fi òrí pa ọwọ́ náà títí yóò fi rọ̀ díẹ̀. Àwọn ló gbé e ró.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mọ́tò sinimá dé iléèwé tí mo ti ń kọ́ni. Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé gbọ̀ngàn lọ́sàn-án gangan kó lè ṣókùnkùn. Sinimá ẹlẹ́rù ni. Wọ́n ní inú ìwé àtijọ́ kan nílùú òyìnbó ni wọ́n ti mú un jáde. Ọ̀gá iléèwé ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó. Inú mi dùn gan-an. Mo gbé ìyá àgbà mi jókòó sí iwájú pátápátá, kó lè rí bí ọmọ tó tọ́ ṣe gbọ́ òyìnbó tó.

Nínú sinimá náà, ọkùnrin kan hú ère kan nínú oko rẹ̀, ìka ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Dókítà pe orúkọ àìsàn náà, orúkọ gígùn kan tí mi ò gbọ́ rí. Ojú tì mí láti dákẹ́. Mo bá nàka síwájú, mo ní, "Àìsàn ọwọ́ Ìyá wa yìí náà ni!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ líle náà sókè kí wọ́n rí i. Ẹyin lohùn, mi ò mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi gbẹ. Obìnrin inú sinimá di òkúta, ọkọ tó dì í mú di òkúta, ọmọ tó fọwọ́ kan baba rẹ̀ náà di òkúta. Bóyá níbòmíràn, wọn ì bá pè é ní irọ́ òyìnbó. Àmọ́ Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa. Ta ni kò tíì rí àwọn ère òkúta tó jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ti ń sọ fún wa láti kékeré pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀? Lójú àwọn ará ilé wa, òyìnbó kàn wá jẹ́rìí sí i ni.

Ní Mọ́ńdè, ìyàwó tó kàn kò wá. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ti Túsìdeè gba oko lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ Ìyá sí. Mo pariwo, mo bú wọn, mo ní ẹ̀tàn lásán ni sinimá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé àìsàn kan náà ni? Wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ ká rí i."

Mo wẹ̀ ẹ́. Ó wá ku ọwọ́. Ó nà án sí mi, ó ní, "Bá mi fi òrí pa á, ọmọ mi." Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo kàwé. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. Mo fa aṣọ ìnura, mo fi wé ọwọ́ ara mi kí n tó dì í mú.

Ó wo aṣọ náà. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Kò dùn mí mọ́."

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọwọ́ náà mọ́ títí tó fi kú, kí àgbàdo ọdún náà tó gbó. Èmi nìkan ni mo wẹ òkú rẹ̀. Mi ò fi aṣọ wé ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bu òrí, mo fi pa ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń pa á lọ, ṣùgbọ́n wọn kò rọ̀ mọ́.