Ọjọ́ Tí Kíkẹ́ Ní Ká Lọ Wo Castello

Mọ́nsúrátù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ìyá Gabriele ni gbogbo wa ń pè é ní Torino, ní Italy níbí. Gààrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí ti Kíkẹ́ onídìrí.

Bí ẹnìkan bá bímọ láàárín wa, Ìyá Gabriele ló máa wẹ ọmọ. Bí àwọn ọlọ́pàá questura bá pe ẹnìkan nítorí permesso, ìwé ìgbélùú, òun ló máa bá a lọ jókòó. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é láìní oyè kankan. Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ àwa obìnrin Yorùbá kó lọ sí London ní 2016, gbogbo ẹnu ló ní òun ló kàn. Òun náà fẹ́ ẹ, kò fi bò. Ó ti ra gèlè pamọ́. Àmọ́ ẹgbẹ́ wa ní òfin kan: ẹni tí kò bá sí níjókòó, a kì í fi jẹ oyè.

Lọ́jọ́ Friday, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń ra ata gígún, ni Kíkẹ́ sọdá wá.

“Ìyá Gabriele, wọ́n ti sún ìpàdé oyè ọjọ́ Sunday sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. A ò rí sala ìpàdé gbà.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo sọ ọ́! Àbí ẹ fẹ́ kí n búra?”

A rẹ́rìn-ín. Ó ní ká lọ najú ní castello kan, ààfin àtijọ́, lọ́nà Piacenza, pé bíríkì pupa ni, pé ọnà ara rẹ̀ dà bíi ti mọ́ṣáláṣí. “Ẹ ó rántí bàbá yín níbẹ̀.” Bíríkìlà ni bàbá Ìyá Gabriele ní Ìwó, òun ló mọ fèrèsé mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Kíkẹ́ ni Ìyá Gabriele máa ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún.

“Ṣé ìwọ náà ń bọ̀?”

“Mo ní orí méjì láti dì. Ẹ mú Ìyá Démiládé dání.” Èmi nìyẹn.

Láàárọ̀ Sunday, Kíkẹ́ gbé kúlà mọ́ínmọ́ín bá wa ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹlẹ́mìí méje ni o!

Ilé ńlá ni castello náà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n sì to bíríkì lára ògiri bí ẹní híhun. Ìyá Gabriele gbé ọwọ́ lé e, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. “Wo bó ṣe gún. Bí bíríkì kan bá wọ́ báyìí, bàbá mi á wó gbogbo ìlà náà.”

A jókòó sórí koríko, a jẹ mọ́ínmọ́ín tán pátápátá. “Kíkẹ́ mọ nǹkan sè,” ló ń wí. Ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ìbíwùmí ni, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín ò yá ni?”

“Ara mi le. Kí ló dé?”

“Ìpàdé ti parí o! Kíkẹ́ ní ẹ ní oyè náà ò wù yín mọ́. Òun náà la fi jẹ.”

Ìyá Gabriele wo inú kúlà. Ewé nìkan ló kù. “A ti jẹ ẹ́ tán,” ló sọ fún mi. “Mi ò sì lè bì í.”

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Torino, ó ní: “Tó bá jẹ́ ọ̀tá ni, kò ní mọ̀ pé bàbá mi ni òun lè fi mú mi.”

Ẹ sì mọ̀ pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí kúlà yẹn ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì: ẹ̀wà lónìí, ọsàn lọ́la, bí kò tiẹ̀ ju iyọ̀ lọ. Lọ́jọ́ Tuesday, Ìyá Gabriele fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó sọdá. Mo tẹ̀ lé e.

“Ìyá Gabriele! Mo fẹ́ wá ṣàlàyé fún yín…”

“Kúlà rẹ rèé, Ìyá Ẹgbẹ́.”

Kíkẹ́ ṣí i, òfìfo ni. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó rọra ń wá a kiri bí ẹni tí ojú ń tàn jẹ. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Ìyá Gabriele ti kọjá sí òdìkejì títì.