Ìgbálẹ̀ tó Kan Ẹsẹ̀ Súbérù

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2007, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì àwọn agbálẹ̀ títì ní Ìkòròdú. Ìwé náà kò gùn. Agbálẹ̀ ogójì ló wà lójú ọ̀nà tó ti Benson lọ dé Gáréèjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló máa ṣẹ́kù sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ará ìlú bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, tàbí tó bá ba irinṣẹ́ jẹ́, ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ka orúkọ.

Ṣẹ̀rífátù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń gbá títì náà, ẹnikẹ́ni kò tíì fẹjọ́ rẹ̀ sùn rí. Ọkọ rẹ̀, apẹja, ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìgbálẹ̀ yẹn nìkan ló ń bọ́ ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀dé ni, létí ọ̀sà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé obìnrin olùkọ́ kan lọ́wọ́ ní Ẹ̀pẹ́, pé yóò rán an níléèwé. Iléèwé tí wọ́n rán an kò kọjá ilé ìdáná. Ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Abọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ajá. Àlejò ilé kì í bèèrè orúkọ rẹ̀. "Ìwọ" ni wọ́n ń pè é, bí inú wọn bá sì dùn, "ọmọdébìnrin yẹn". Ohun kan ṣoṣo tó mú bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ni ọgbọ́n ilẹ̀ gbígbá. Ó mọ bí a ṣe ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde. Ó mọ bí a ṣe ń fẹ̀yìn rìn, kí ẹsẹ̀ ẹni má baà tẹ ibi tí a ti gbá.

Ní Benson, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré wọkọ̀ lọ sí Èkó láàárọ̀ máa ń fọwọ́ bo imú bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ló ń rùn, kì í ṣe ìdọ̀tí tí àwọn fúnra wọn sọ sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ẹnìkan ṣoṣo tó ń kí i ni Àlàájá Làtífátù, ìyá oníbúrẹ́dì. Ojoojúmọ́ ni Ṣẹ̀rífátù ń bá a gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. "Ṣẹ̀rí, Ọlọ́run á gbè ọ́ o," ni Àlàájá máa ń wí. Kò fún un ní búrẹ́dì rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, aago méje kọjá díẹ̀, Ṣẹ̀rífátù ń fẹ̀yìn rìn, ó ń gbálẹ̀ bọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Súbérù, tó ń ta káàdì ìpè ní Benson, dúró létí títì pẹ̀lú fóònù létí. Ọ̀rọ̀ yìgì rẹ̀ ló ń sọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó fa omi inú ọ̀rá mu tán, ó ju ọ̀rá náà sórí ibi tí wọ́n ti gbá. Ọ̀kadà kan ya wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójijì. Súbérù fò sẹ́yìn. Ìgbálẹ̀ kàn án ní ẹsẹ̀.

"Yéè! O fi ìgbálẹ̀ nà mí!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. N ò rí yín ni."

"O ò rí mi? Ojú ẹ dà? Èmi tí mo fẹ́ gbéyàwó!" Ó lè jẹ́ àkọ́bí Ṣẹ̀rífátù, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pè é.

Ọlọ́kadà náà ti dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ó parí nìyẹn! Ìyàwó á kàn máa wò yín ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì yí wọn ká.

"Ẹ yáa san án padà kí bọ́ọ̀sì tó dé," ni obìnrin kan tó gbé báàgì ọ́fíìsì lọ́wọ́ wí.

"Ìgbálẹ̀ tó ti gbá ìgbẹ́ ajá! Tèyí le ju ti inú ilé lọ," ni ẹlòmíràn wí.

Èèwọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tí wọ́n bá fi ìgbálẹ̀ nà, okun rẹ̀ tán, àfi bó bá gba ìgbálẹ̀ náà, tó fi na ẹni tó nà á lẹ́ẹ̀méje. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì rí ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣẹ̀rífátù pàápàá gbà á gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣèèṣì kan ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nínú ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló na ìgbálẹ̀ sí ọmọ, ọmọ sì rọra fi kàn án lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, tìyá tọmọ ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ́fíìsì yín ni mò ń lọ báyìí," ni Súbérù wí. "Wọ́n á lé ẹ kúrò lónìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á lẹ́rù, kì í ṣe èèwọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí títì, ó sì na ìgbálẹ̀ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ọ́fíìsì. Ẹ gbà, ẹ san án. Méje péré náà ni."

Bí wọ́n ṣe ń san án nínú ilé ló rò ó.

Súbérù gba ìgbálẹ̀. Kò fi kàn án lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ení!" ni gbogbo wọn hó. "Èjì! Ẹ̀ta!"

Ó ku díẹ̀ kó parí ni bọ́ọ̀sì kan yọ. Àwọn kan sáré tẹ̀ lé e, àwọn tó kù kò fẹnu kò mọ́.

"Àrún ni."

"Ẹ̀fà ni jàre! Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

"Kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé," ni Àlàájá Làtífátù ké láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti ení."

Ó ti lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣẹ̀rífátù gbójú sókè.

"Àlàájá, èmi ni o."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣe sùúrù, jẹ́ kó pé. Ọkọ ọlọ́kọ ni."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ọlọ́kadà ló bà á jẹ́: ó ń ka "ení, èjì, ení, èjì" bí ẹni ń jó, ẹ̀rín pa wọ́n, òǹkà tún sọnù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ ti ń ro Súbérù. Ó yí ìgbálẹ̀ padà, ó di ibi tí a fi ń gbálẹ̀ mú, ó fi igi ìdìmú rẹ̀ lu obìnrin náà léjìká. Ní èje, igi ṣẹ́. Okùn tú, ẹyọ ìgbálẹ̀ sì fọ́n ká gbogbo títì.

Súbérù fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́. "Mo ti dárí jì ẹ́," ló wí, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ṣẹ̀rífátù ń ṣa ẹyọ ìgbálẹ̀ náà nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, ọ̀gá àwọn agbálẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ìyá, kí ló ṣe ìgbálẹ̀ yìí?"

Bí òun bá ní wọ́n na òun, ọ̀gá yóò bèèrè ohun tí òun ṣe. Ohun tí òun ṣe, ẹjọ́ ni.

"Ó kàn ṣẹ́ ni, sà."

"Èyí tí a fún yín lóṣù tó kọjá? Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn." Ó ṣí ìwé.

Ìgbà náà ni ohun kejì tí wọ́n kọ sínú ìwé ara ògiri, ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ba irinṣẹ́ jẹ́, wá sí i lọ́kàn.

"Wọ́n fi nà mí ni, sà! Ẹ wo ẹ̀yìn mi. Ẹ bi wọ́n!"

"Ṣé ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó kàn ṣẹ́ ni?" Adétúnjí wò yí ká. "Ta ló rí i?"

Ọlọ́kadà ta ọ̀kadà rẹ̀ nípàá, ó lọ. Obìnrin tó gbé báàgì ọ́fíìsì ń wo ibi tí bọ́ọ̀sì máa gbà yọ.

"Àlàájá, ẹ̀yin ńkọ́?" ni Adétúnjí bèèrè.

"Èmi? Búrẹ́dì ni mò ń tò."

Adétúnjí kọ orúkọ Ṣẹ̀rífátù sílẹ̀, ó pa ìwé dé. "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ́jọ́ Ajé," ló wí, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Ṣẹ̀rífátù dìde. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí àwọn tó dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lẹ́ẹ̀kan," ló wí, "mélòó lẹ kà á dé?"