Kọ́ọ̀bù Méjì fún Ìbejì

Bí mo bá ti gbóòórùn ẹ̀pà yíyan, yàrá wa ní Sabon Gari ni mo máa ń rántí, àti ọ̀sán tí Hajiya tún wá wo àwọn àbúrò mi ìbejì. Ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ládùúgbò ló ń rán an.

Ó we téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tó fi ń wọn apá ọmọdé mọ́ ti Kẹ́hìndé tó rù. Ó tún bọ́ sórí pupa. Inú mi dùn, torí pupa ló rẹwà jù lára téèpù náà; n ò tíì mọ̀ pé àmì ewu ni.

“Maman Taye, ta ló ń jẹ ẹ̀pà alóògùn tí mo ń gbé wá fún Kẹ́hìndé?”

“Àwọn méjèèjì ni,” ni màmá mi wí. “Ìbejì ni wọ́n, Hajiya. A kì í fún Kẹ́hìndé ká fi du Táyé.”

Hajiya ò bá a jà. Ó jáde, ó sì padà kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú kọ́ọ̀bù méjì tí ẹ̀pà lílọ̀ kún inú wọn.

“Pupa ni ti Kẹ́hìndé, búlúù ni ti Táyé. Ẹ má pààrọ̀ wọn o.”

Màmá mi dúpẹ́ títí, nítorí wọ́n dọ́gba.

Kẹ́hìndé ti ga jù mí lọ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀pà lásán tí Hajiya rà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà nínú kọ́ọ̀bù búlúù.