Ọ̀rọ̀ Ọba Lẹ́nu Ìyá Mùtíù

Bí ẹ bá wọ ọjà Misẹ̀bo ní Kútọnu láàárọ̀, tí ẹ rí obìnrin kúkúrú kan tó jókòó sórí béélì òkìrìkà, tó wé gèlè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè, Sọ̀fíyàt nìyẹn. Ìyá Mùtíù là ń pè é. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ta aṣọ rí. Ẹnu ló ń tà. Àwọn tó ń ti Ìbàdàn àti Ìlọrin wá ra béélì, ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Fọ̀n, wọn ò gbọ́ Faransé. Àwọn tó ni béélì, Yorùbá wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àárín wọn ni Ìyá Mùtíù ti ń ṣe ògbufọ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi Tòkunbọ̀ ń ta ṣòkòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń jókòó sí. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ rèé. Oníbàárà á bínú, á ní kó sọ fún olè yìí pé ojú òun ti là. Ìyá Mùtíù á yíjú sí ọlọ́jà, á sọ ní Fọ̀n pé àlejò kí i, pé ọjà rẹ̀ wu àlejò náà, kó ṣáà fojú àánú wò ó. Ọlọ́jà náà á fèsì pé kí wọ́n sọ fún òṣì yẹn kó máa lọ ilé ìyá ẹ̀. Ìyá Mùtíù á ní, "Wọ́n ní ẹ kú ìrìn, ẹ fi díẹ̀ kún un." Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn méjèèjì ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, ó ní ohun tí bàbá òun fi kọ́ òun nìyẹn. Ó tún máa ń ṣe fọ́ńté pé kò sí ọjà tó tú mọ́ òun lọ́wọ́ rí.

Zoé ló gbé ọ̀rọ̀ ọ́pẹ́rà wọ ọjà wa. Ọmọ Kútọnu ni, ó lọ kọ́ iṣẹ́ orin nílẹ̀ Faransé, ó sì padà wá kọ eré kan tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó jẹ́ omi ni wọ́n fẹ́ bèèrè níbẹ̀, orin ni wọ́n á fi bèèrè rẹ̀. Eré náà dá lórí ìpàdé ọba Dàhòmì kan àti aṣojú ìjọba Faransé láyé àtijọ́, kí ogun tó dé. Pé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wáyé, ìtàn sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wá bára wọn sọ nínú eré, orí ara rẹ̀ ni Zoé fi rò ó.

Aṣọ tí àwọn òṣèré máa wọ̀ ló wá rà lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ náà, ọjà tutù, Ìyá Mùtíù sì ń kọ wákà jẹ́jẹ́ lórí béélì rẹ̀. Orin tó máa ń kọ fún àwọn obìnrin tó bá ń lọ Mẹ́kà ni. Zoé dúró, ó gbàgbé aṣọ. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń wá ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ láàárín ọba àti òyìnbó nínú eré òun. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ìyá Mùtíù fi ní òun gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ní Misẹ̀bo àti ọjà Dantokpa pé òun ló kù tí ọba ń wá. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àmọ́ mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: wọ́n máa tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé eré náà. Bí ọjà bá dára, àwọn tó rà á àtàwọn tó tà á là ń rántí. Ta ló ń rántí ògbufọ̀?

Àgbàlá ńlá kan ní Fijirọsẹ̀, lẹ́bàá òkun, ni wọ́n ti ń dánra wò. Èmi ni mo ń bá a gbé báàgì. Moukaila, olùkọ́ kan tí ohùn rẹ̀ wúwo, ló ṣe ọba. Armel, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan, ló ṣe aṣojú Faransé. Ní ìdí eré náà gan-an, ọba á dìde, á sì kọ ọ́ lórin ní Fọ̀n pé: "Sọ fún un pé ilẹ̀ mi kì í ṣe aṣọ tí mo ń gé tà. Kó kó ẹrù rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà tó gbà wá kò ní í gbà á padà." Ìyá Mùtíù á sọ ọ́ di Faransé, Armel á fi ìbínú ta àga rẹ̀ nípàá, ogun á sì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Moukaila kọ tirẹ̀ tán, ó ń mí hẹlẹ. Ìyá Mùtíù yíjú sí Armel, ó gbé ohùn dídùn yẹn sókè, ó ní ọba kí wọn kú ìrìn, ọba ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gba sùúrù. Armel ti gbé ẹsẹ̀ láti ta àga. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó ní òun ò rí ohun tí òun máa bínú sí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín sì dín kù. Nílé, ó ń kà á bó ṣe wà nínú ìwé láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Àmọ́ bó bá ti rí ọkùnrin tó fajú ro níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á yà síbi tó ti ń yà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Zoé fún un di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, Ghislaine ni yóò gba ipò náà. Akọrin tó kọ́ṣẹ́ ni Ghislaine, ó ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí, ó sì ń jókòó níwájú lójoojúmọ́ bí ẹni ń dúró de ọkọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Mùtíù bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ kì í ṣe aṣọ, ó sọ ọ́. Kó kó ẹrù rẹ̀, ó sọ ọ́. Ló bá rí ojú Armel tó ń le bọ̀, ló bá fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un.

Zoé fi bírò sílẹ̀. Mo rò pé Ìyá Mùtíù máa bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó fọwọ́ lé ìbàdí ni.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìwọ tó o kọ ìwé yìí, o ò tíì ṣe ògbufọ̀ rí. Èèyàn tó dúró sáàárín ọba tó ní idà àti òyìnbó tó ní ìbọn kò jẹ́ sọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́ yẹn. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa."

Zoé tún mú bírò, ó kọ nǹkan sétí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí kálukú máa lọ sílé, kò sì fún Ghislaine ní ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Ajé, Zoé fúnra rẹ̀ gbé ìwé tuntun wá bá wa lọ́jà, ó kí wa, ó lọ. Ìyá Mùtíù ń fi ìka tọ̀ ọ́ kà níwájú ṣòkòtò mi, inú rẹ̀ ń dùn, torí ògbufọ̀ inú ìwé ti ń ṣe bí òun ṣe ń ṣe. Ọba sọ̀rọ̀ líle, ògbufọ̀ rọ̀ ọ́. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ọba náà rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹríba fún ara wọn. Ọba rò pé òun ti lé e lọ. Òyìnbó rò pé wọ́n ní kóun ní sùúrù díẹ̀, ilẹ̀ á bọ́ sóun lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù kan pé tó padà wá gba ilẹ̀, tòun tàwọn ọmọ ogun ló wá, àgbá ogun sì dún. Ibẹ̀ ni ìka Ìyá Mùtíù ti dúró.

"Èmi ni mo wá dá ogun sílẹ̀," ó ní. Ó ju ìwé náà sórí ọjà mi, ó ní kí n bá òun sọ fún Zoé kó lọ gbé e fún Ghislaine. Inú bí mi sí Zoé. Èèyàn kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ̀, o fi iṣẹ́ ọ̀hún dá a lẹ́bi. Mo sọ fún Ìyá Mùtíù pé eré lásán ni. Fún ọjọ́ méjì, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Lọ́jọ́ kẹta ló bi mí bóyá mo rántí Wàhábì. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ará Ìbàdàn ni, ọdún mẹ́sàn-án ló fi ra aṣọ ọmọdé lọ́wọ́ Ṣẹ̀ríìfù, ọ̀kan lára àwọn tó ni béélì, wọ́n ti dà bí ọmọ ìyá, àfi bí kò ṣe wá mọ́ lójijì.

"Ó ní kí n sọ fún Ṣẹ̀ríìfù pé bó bá tún di èyí tó ya mọ́ béélì, òun ò ní í tún tẹ ọjà yìí mọ́ láé," ó ní. "Mo sọ fún Ṣẹ̀ríìfù pé Wàhábì ní kó máa fojú tó o. Ṣẹ̀ríìfù rẹ́rìn-ín, ó tún dì í mọ́ ọn. Títí Ṣẹ̀ríìfù fi kú lọ́dún tó kọjá, ó ń sọ pé Wàhábì da òun. Wàhábì kọ́ ló dà á, Tòkunbọ̀. Èmi ni, mi ò sì sọ fún un."

Kò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó mú ìwé náà kúrò lórí ọjà mi, ó sì gba Fijirọsẹ̀ lọ. Ohun tó bá Zoé sọ kò pọ̀. Ó ní òun máa ṣe é, òun máa ru ẹ̀bi ògbufọ̀ náà, àmọ́ kó fún òun láyè ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí àgbá bá ti dún. Zoé bi í pé, "Táńtì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó ní òun fẹ́ parí iṣẹ́ tí wọ́n rán òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe eré náà. Ìdajì Misẹ̀bo ló wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, Sọ̀fíyàt Ìsmáílà, mo ń fi han ẹni tó mọ̀ mí àtẹni tí kò mọ̀ mí. Moukaila kọrin ìbínú, Ìyá Mùtíù rọ̀ ọ́, gbogbo òǹwòran tó gbọ́ èdè méjèèjì rẹ́rìn-ín sí bó ṣe já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Armel tẹríba, ó jáde. Ọba náà jáde pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Orí ìtàgé wá ṣófo, ó ku ògbufọ̀ àti àga méjì. Àgbá dún lójú òkun.

Ìyá Mùtíù yíjú sí àga aṣojú Faransé. Ó gbé ohùn, ó sì kọ ọ́ ní Faransé tó já gaara: ilẹ̀ yìí kì í ṣe aṣọ tí ọba ń gé tà. Kò sí ẹ kú ìrìn, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà tó gbà wá kò ní í gbà á padà. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀, mo sì ń sunkún láàárín àwọn èèyàn láìtijú. Ọ̀rọ̀ ọba pé pérépéré lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n rán an sí ti wọkọ̀ lọ, àga rẹ̀ nìkan ló kù.