Ọjọ́ tí Mo Ba Ààwẹ̀ Àlájì Jẹ́

Ọkọ mi kì í yọwó lórí ọjà. Gbogbo ọjà Mont-Bouët, nílẹ̀ àjèjì tí a ti ń ta aṣọ, ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Oníbàárà lè bẹ̀bẹ̀ títí, kó da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá, Àlájì á kàn máa ṣẹ́ aṣọ po ni, bí ẹni pé etí rẹ̀ di. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ ààwẹ̀ kan, nígbà tó nawọ́ ojúlówó léèsì sí obìnrin kan tó ní, "Ẹ máa mú un lọ, mo fi ta yín lọ́rẹ," mo mọ̀ pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Níwájú èèyàn, "ẹ" ni mo ń pe ọkọ mi; nínú ìtàn tèmi yìí, "ó" ló máa jẹ́, kó fara mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a fínra. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Èmi náà bá sọ ara mi di ọlọ́pàá. Mo kó gbogbo ṣúgà ilé wa ládùúgbò Nzeng-Ayong pa mọ́ sínú àpò ìrẹsì, bó bá sì ti ibi ìsọmọlórúkọ dé, màá gbóòórùn ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti mu mínírà. Àwọn ìbejì wa, tí Faransé ti gba ẹnu wọn tán, á máa fi àwa méjèèjì ṣẹ̀rín.

Dókítà ti sọ fún un pé kó wá rí òun kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó lọ? Ó lóun ò ráyè. Àlájì dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ṣebí a máa ń jẹun yó dáadáa ní sààrì kí ebi má baà pa wá kí oòrùn tó wọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ro ti oògùn. Ó kó hóró àárọ̀ àti ti alẹ́ pọ̀, ó gbé wọn mì lẹ́ẹ̀kan náà ní sààrì, kó lè gbé òun dé ìrọ̀lẹ́. Kò sì sọ fún mi. Ọlọ́gbọ́n èèyàn!

Bó ṣe fẹ́ fi léèsì tọrẹ tán, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó wá ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè mí. Àwọn ará ọjà sáré dé. Wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń da omi sí i lórí, wọ́n ń ṣàdúrà, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Bàbá àgbà kan ní, "Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe Mọ̀gáríbì. Ẹ jẹ́ kó forí tì í." Ta ló fẹ́ ru ẹ̀ṣẹ̀ ààwẹ̀ Àlájì lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀?

Èmi ni o! Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé bó bá ń làágùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ṣúgà ló lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Omi ìṣápá tí mo fi ṣúgà sí wà nílẹ̀, èyí tí mo fẹ́ fi ṣínu fáwọn ará ìsọ̀ wa. Mo gbá orí ọkọ mi mú, mo ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbé e mì. Èmi ọlọ́pàá ṣúgà! Ẹ̀rù bà mí débi pé ṣe ni mò ń jágbe mọ́ ọn: "Ẹ mu ún! Ẹ mu ún jàre! Ẹ ò ní sọ mí di opó nílẹ̀ onílẹ̀!"

Kò pẹ́, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ìyá Ìbejì, o ba ààwẹ̀ mi jẹ́." Èyí tó tẹ̀ lé e ni, "Léèsì mi dà?"

Mo ní, "Ẹ máa bínú lọ. Òkú kì í bínú."

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ́ ọ lọ bá dókítà. Obìnrin náà ò pariwo mọ́ ọn, ó kàn ṣàlàyé. Ó ní lẹ́yìn ikùn wa, ẹ̀yà ara kan wà tí wọ́n ń pè ní páńkíríà. Inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ kan ti ń ṣe ínsúlíìnì, èyí tó ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó wọ inú ara. Ó ní oògùn Àlájì, ṣe ló ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣáá pé kí wọ́n máa tú ínsúlíìnì jáde, yálà ó jẹun o, kò jẹun o. Oògùn ò mọ oṣù ààwẹ̀.

Àlájì ní, "Ṣé oògùn yìí ló wá ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà?"

Dókítà ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń dín wọn kù, ṣúgà tó ga sì ń tán wọn lókun. "Àmọ́ wọn ò tíì kú tán. Ká ní wọ́n ti kú tán ni, oògùn yẹn ò bá má rí ẹni tì, ẹ ò bá má sì ṣubú. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká fi ínsúlíìnì ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n sinmi díẹ̀."

Ó dá oògùn yẹn dúró, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tó rí bíi bírò, ó sì ní kó fi ààwẹ̀ sílẹ̀, kó máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀.

Ó gba ti tálákà. Abẹ́rẹ́ ni kò gbà. Ní Mont-Bouët, wọ́n gbà pé bí ìtọ̀ ṣúgà bá ti kan abẹ́rẹ́, kéèyàn máa palẹ̀ ẹrù mọ́, kó máa lọ sílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gba abẹ́rẹ́, ó padà sílé, kò sì pẹ́ láyé. Gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ ló pa á. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹ̀pa ò bóró mọ́ kó tó gbà á.

Abẹ́rẹ́ bá ń gbénú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata lílọ̀ mi. Bí Àlájì bá ti dé láti ọjà, á ṣí fíríìjì, á wò ó, á pa á dé.

Mo ní, "Ẹ ti kí àna yín tán?"

Mò ń ṣàwàdà ni, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo máa ń jí wò ó bóyá ó ń mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ṣínu tán, ó gbé abẹ́rẹ́ jáde fúnra rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì ká bùbá rẹ̀ sókè.

"Ìwọ lo ba ààwẹ̀ mi jẹ́ lójú gbogbo ọjà. Wá parí iṣẹ́ ẹ."

Mo ṣe bí dókítà ṣe kọ́ wa, mo gún un nínú ẹran ikùn. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì pinpin.

"Ó yá, gún un nísinsìnyí."

"Mo ti gún un tán, Àlájì."

Ó lajú, ó wo ikùn rẹ̀, ó fọwọ́ pa á jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sí àárọ̀ kan tí ẹlòmíì ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣáájú rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìwọ ni kó o ṣí i lọ́la. Ó ti rẹ èmi náà."

Mo sá wọ kíṣìnì kó má baà rí ojú mi.